Bí a ṣe ń fi homebrew sórí PSP láìba ẹ̀rọ náà jẹ́

PSP (PlayStation Portable), ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Sony, tí ó ti wà nínú àpótí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò tíì di ohun àkúfọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni Sony kọ́kọ́ gbé e jáde ní Jàpáánì, ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ó sì dé Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti pa á tì tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń kọ ètò fún un nínú ilé wọn kò pa á tì. Irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ, ni a ń pè ní homebrew. Géèmù wà nínú rẹ̀, ètò tí ń ka ìwé PDF wà nínú rẹ̀, ètò tí ń sọ PSP di ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ mìíràn náà sì wà níbẹ̀.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí lórí ẹ̀rọ tí ó pọ̀ díẹ̀, ti èmi àti ti ọ̀rẹ́, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe àìmọ kọ̀ǹpútà ni ó ń dá ènìyàn dúró. Fáìlì tí a fi sí ibi tí kò yẹ, mẹ́mórì tí kò dára àti bátìrì tí ó ti gbó ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wàhálà náà. Ìdí nìyí tí n óò fi pẹ́ lórí àwọn mẹ́ta yìí ju ibi tí a ti ń tẹ bọ́tìnnì lọ, nítorí pé bọ́tìnnì títẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Homebrew yàtọ̀ sí géèmù jíjí. Ètò tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi tọrẹ fún gbogbo ènìyàn kò ní ẹjọ́ nínú, ṣùgbọ́n géèmù tí ilé-iṣẹ́ kan ń tà, tí ẹ lọ wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí ó sọ nípa rẹ̀. Ìlànà yìí kò ní bá yín débẹ̀.

Ìdí tí PSP fi ń kọ ètò àjèjì

Gbogbo ètò tí Sony bá fọwọ́ sí ni ó máa ń ní òǹtẹ̀ kan tí ojú kò lè rí nínú fáìlì rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ètò kan, PSP á kọ́kọ́ yẹ òǹtẹ̀ náà wò, bí kò bá sì rí i, kò ní gbé ètò náà. Àwọn PSP tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Jàpáánì, tí firmware wọn (ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí ẹ̀rọ) jẹ́ 1.00, kò béèrè òǹtẹ̀ yìí rárá. Nígbà tí firmware 1.50 dé, ó ti ń béèrè, ṣùgbọ́n ní ọdún 2005 àwọn kan rí ọgbọ́n kan dá sí i, tí wọ́n ń pín ètò kan sí fódà méjì tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ẹ̀rọ á yẹ ọ̀kan wò, á sì gbé èkejì. Sony dí ihò náà, àwọn mìíràn ṣí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé ara wọn kiri fún ọdún bíi mélòó kan.

Ohun tí ó parí eré náà kò tilẹ̀ ti inú PSP wá. Ní ìparí ọdún 2010, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé àṣìṣe ńlá wà nínú bí wọ́n ṣe ń fi òǹtẹ̀ sí ètò PlayStation 3, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi rí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣe òǹtẹ̀ PSP nínú àwọn fáìlì PlayStation 3 náà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá kọ homebrew ti lè fi òǹtẹ̀ tí PSP gbà sí i. Nítorí náà, ẹ kò ní láti tú ẹ̀rọ yín, ẹ kò ní láti ra irinṣẹ́ kankan, ẹ kò sì ní láti dá firmware padà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe láyé àtijọ́. Ìwé àtijọ́ púpọ̀ ṣì wà káàkiri tí ń sọ nípa dídá firmware padà sí 1.50. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ fò ó kọjá.

Ẹ mọ irú PSP tí ó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ náà. Lára PSP-1000, 2000 àti 3000, ẹ ó rí i bí ẹ bá yọ bátìrì, lára sítíkà tí ó wà nínú ihò rẹ̀. PSP-1000 ni ti àkọ́kọ́, òun ni ó nípọn jù, 32 MB sì ni RAM rẹ̀. PSP-2000 jáde ní ọdún 2007 pẹ̀lú 64 MB, 3000 tẹ̀ lé e ní ọdún 2008. PSP Go, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N1000, jáde ní ọdún 2009 láìní ihò fún díìsìkì UMD, ó sì ní 16 GB nínú ara rẹ̀. E1000 ni ó kẹ́yìn ní ọdún 2011, òun kò ní Wi-Fi. Gbogbo wọn ni ó lè gbé homebrew. Ibi tí nọ́ńbà yìí ti ṣe pàtàkì ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan náà wà títí lórí ẹ̀rọ, èyí tí a ó dé láìpẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ System Settings, kí ẹ sì ṣí System Information. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà firmware yín. Èyí tí Sony ṣe kẹ́yìn ni 6.61, tí ó jáde ní ọdún 2015. Bí ti yín bá kéré sí 6.60, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí 6.61, nítorí pé orí méjèèjì yìí ni iṣẹ́ òde òní dá lé. Fáìlì tí a fi ń ṣe é ń jẹ́ EBOOT.PBP. Ẹ ó dá fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ UPDATE sínú fódà GAME tí ó wà nínú fódà PSP lórí mẹ́mórì, kí ẹ fi fáìlì náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láti inú Game lórí ẹ̀rọ. PSP Go ní fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má ṣe fi ti àwọn yòókù dá a láàmú. PSP kò ní gbà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí bí ẹ kò bá fi ṣájà sí i, tí bátìrì rẹ̀ kò sì ní agbára tí ó tó, ìkìlọ̀ náà kì í sì í ṣe eré.

Bátìrì àti mẹ́mórì

Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn bátìrì náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bátìrì PSP tí ó wà níta lónìí ti dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti wú. Bí ìdérí ẹ̀yìn PSP kò bá tẹ́ dáadáa mọ́, tàbí tí ó ń ṣí fúnra rẹ̀, bátìrì ni ó ń tì í. Ẹ yọ ọ́, ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì ṣe gbìyànjú láti fi ṣájà sí i mọ́. Bátìrì PSP-1000 jẹ́ 1800 mAh, ti 2000 àti 3000 jẹ́ 1200 mAh, nítorí náà ti àkọ́kọ́ nípọn ju ti àwọn tí ó tẹ̀ lé e lọ, kò sì ní jẹ́ kí ìdérí wọn pa dé. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀rọ yín dání. Ti PSP Go àti E1000 wà nínú ara ẹ̀rọ, kò ṣeé fi ọwọ́ lásán yọ.

Ní ti mẹ́mórì, Memory Stick PRO Duo ni PSP-1000 dé 3000 àti E1000 ń lò, PSP Go sì ń lo irú kékeré tí à ń pè ní M2. Ojúlówó PRO Duo ti ṣọ̀wọ́n, nítorí náà èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nísinsìnyí ni adáptà pẹlẹbẹ kan tí a máa ń ki microSD bọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ó gba microSD kan ṣoṣo ni mo fara mọ́. Èyí tí ó gba méjì máa ń da méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, ohun tí ó wà nínú èkejì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ayédèrú mẹ́mórì ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ẹ̀rọ kan jà nígbà kan: bí mo bá fi ètò méjì sí i, wọ́n á ṣiṣẹ́, bí mo bá fi ìkẹta sí i, àwọn méjì àkọ́kọ́ á bàjẹ́. Mo pa firmware rẹ́, mo tún un fi, ibì kan náà ni mo ń bọ̀. Nígbà tí mo yọ káàdì náà tí mo kọ fáìlì kún un láti orí kọ̀ǹpútà, tí mo sì kà á padà, ni mo tó mọ̀ pé 32 GB tí wọ́n kọ sí i lára, irọ́ ni. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà Windows tí ń jẹ́ H2testw, iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an ni pé ó ń kọ káàdì kún, ó sì ń kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tí ó kọ ni ó rí. Ẹ lò ó lórí gbogbo káàdì tuntun kí ẹ tó gbé e dé ibi PSP, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gba àkókò.

Bí káàdì bá yege, inú PSP fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Settings ni ẹ ó wọ̀, kí ẹ wọ System Settings, kí ẹ sì yan Format Memory Stick. Ẹ̀rọ náà á pín in sí ọ̀nà FAT32 bí ó ti fẹ́ ẹ, á sì dá àwọn fódà tí ó nílò sínú rẹ̀. Ohun gbogbo tí ó wà nínú káàdì á parẹ́, nítorí náà bí eré tí ẹ ti ṣe dé ààrin bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da fódà SAVEDATA sórí kọ̀ǹpútà.

Fódà ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ fi wáyà USB so PSP mọ́ kọ̀ǹpútà, irú ẹnu kékeré àtijọ́ tí à ń pè ní mini-USB ni ó ń lò, ti PSP Go nìkan ni ó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings kí ẹ yan USB Connection. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ lo Wi-Fi, ṣùgbọ́n irú àtijọ́ 802.11b ni ti PSP, ọ̀pọ̀ router òde òní ni kì í sì í gbà á wọlé. Wáyà ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ní ohun tí a fi ń ka microSD lórí kọ̀ǹpútà, ó yá ju wáyà lọ pàápàá.

Lórí káàdì náà, ẹ ó rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PSP, àti nínú rẹ̀, GAME. Inú GAME ni gbogbo homebrew ń gbé. Ètò kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, nínú fódà náà sì ni fáìlì EBOOT.PBP wà. Bí a bá fẹ́ kọ ọ̀nà náà sílẹ̀, bí yóò ti rí nìyí:

PSP/GAME/ORUKO_ETO/EBOOT.PBP

Orúkọ fódà ètò náà kò ṣe pàtàkì, ẹ lè pè é ní ohunkóhun tí kò ní àmì ohùn nínú. Ṣùgbọ́n EBOOT.PBP kò gbọdọ̀ yí padà, ẹ má sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, nítorí òun ni PSP ń wá. Fáìlì yìí jẹ́ àpò tí ohun mẹ́jọ lè wà nínú rẹ̀, lára wọn ni orúkọ ètò, àwòrán kékeré tí ẹ ń rí nínú àtòjọ, àwòrán tí ń rìn, àwòrán ẹ̀yìn, orin, àti ètò náà gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn ètò kan fi ń kọrin bí ẹ bá kàn dúró lórí wọn láìtíì tẹ wọ́n.

Wàyí o, ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé fáìlì zip tí a wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí bákan náà. Bí ẹ bá tú zip, ó lè jẹ́ pé fódà kan wà nínú fódà mìíràn tí ó ní orúkọ kan náà, tí EBOOT.PBP sì wá wà ní PSP/GAME/bookr/bookr. PSP kì í wò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kò ní rí i, ẹ ó sì rò pé ètò náà kò dára. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ṣe zip náà ti to fódà PSP àti GAME sínú rẹ̀ láti ilẹ̀, bí ẹ bá wá da gbogbo rẹ̀ sínú GAME, ọ̀nà náà á di PSP/GAME/PSP/GAME, ohun kan kò sì ní hàn. Ẹ tú zip sórí kọ̀ǹpútà ná, ẹ ṣí fódà kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ ó fi fojú rí EBOOT.PBP, fódà tí ó wà nínú rẹ̀ yẹn gan-an sì ni kí ẹ gbé sínú GAME.

Àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà Mac á tún rí ohun mìíràn. Mac máa ń fi àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdúró àti ìlà ìsàlẹ̀ sórí káàdì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, PSP á sì máa fi wọ́n hàn bí Corrupted Data lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ètò tí ó dára. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ pa wọ́n rẹ́ bí ojú yín kò bá gbà á.

Bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn

Homebrew tí ó ní òǹtẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí 6.61 láìsí ohun mìíràn, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù kò ní, nítorí náà ẹ nílò ohun tí yóò sọ fún PSP pé kó má béèrè òǹtẹ̀ mọ́. Ohun náà ni à ń pè ní custom firmware. Láyé àtijọ́, èyí tí Dark_AleX ń ṣe, tí ń jẹ́ M33, ni gbogbo ayé ń lò. Èyí tí n óò lò níhìn-ín ni PRO, nítorí pé ó rọrùn, ó sì ní ọ̀nà àbọ̀. ARK-4 jẹ́ tuntun jù ú lọ, ó sì dára gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé fódà méjì ni ó ní: ARK_Loader ń lọ sínú GAME, ARK_01234 sì ń lọ sínú SAVEDATA. Ẹni tí ó bá da méjèèjì sínú GAME á kàn máa wo ojú ẹ̀rọ lásán ni.

Nínú PRO tí ó bá firmware yín mu, bí ó bá jẹ́ 6.60 tàbí 6.61, ẹ ó rí fódà PROUPDATE àti FASTRECOVERY. Ẹ gbé méjèèjì sínú PSP/GAME. Ẹ rí i pé bátìrì kún, kí ẹ sì fi ṣájà sí i síbẹ̀. Ẹ yọ wáyà USB kúrò, ẹ lọ sí Game, ẹ yan Memory Stick, ẹ ó sì rí àmì Pro Update. Ẹ tẹ X lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ PSP ti Jàpáánì ni, bọ́tìnnì O ni ó ń dúró fún bẹ́ẹ̀ ni nínú àtòjọ ẹ̀rọ náà. Ojú ẹ̀rọ á dúdú, ọ̀rọ̀ funfun á jáde lórí rẹ̀, á ní kí ẹ tẹ X láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé ọwọ́ yín kúrò. Ó ń kọ fáìlì díẹ̀ sínú ìrántí PSP fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní flash0, ní àkókò díẹ̀ yìí sì ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ bátìrì, yọ mẹ́mórì, tàbí pa ẹ̀rọ. Bí iná kékeré aláwọ̀ ọsàn bá ń ṣẹ́jú, PSP ṣì ń bá mẹ́mórì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá parí, á tún ní kí ẹ tẹ X, ẹ̀rọ á sì tan padà.

Ẹ lọ wo System Information lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá rí 6.61 PRO níbi tí 6.61 wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ẹ fi sọ́kàn pé ṣíṣí yìí kì í ṣe títí láé. Bí ẹ bá fa bọ́tìnnì iná sókè díẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀, PSP á kàn sùn, PRO ṣì wà nínú rẹ̀ bí ó bá jí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á sókè tí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ títí ó fi kú pátápátá, tàbí tí bátìrì tán, nígbà tí ẹ bá tàn án padà, PSP lásán ni ẹ ó bá. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Fast Recovery ni kí ẹ tẹ̀ nínú Game, kì í ṣe Pro Update mọ́, PRO á sì padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan.

Homebrew àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí á mú gpSP ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tí ó ń béèrè fi hàn bí ọ̀pọ̀ homebrew ti rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ PSP di Game Boy Advance. Ẹ gbé fódà rẹ̀ sínú GAME gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á sọ fún yín pé òun kò rí gba_bios.bin. Fáìlì yìí ni ọpọlọ Game Boy Advance gan-an, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni ó ni ín, ẹni tí ó kọ gpSP kò sì ní ẹ̀tọ́ láti pín in, nítorí náà ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà ni yóò mú un jáde láti inú tirẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ EBOOT.PBP, nínú fódà kan náà, kí orúkọ rẹ̀ má sì yàtọ̀ rárá. Ìgbàkigbà tí homebrew kan bá tan tí ó sì kú padà lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka fáìlì readme tí ó bá a wá, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé fáìlì kan wà tí ó ń wá tí kò rí.

Bí ètò kan bá ń rìn bí ìgbín, ẹ tẹ SELECT nígbà tí ẹ wà lójú àtòjọ PSP, àtòjọ kékeré PRO á jáde, ẹ ó sì rí ibi tí a ti ń yí eré CPU padà. 222 MHz ni PSP máa ń sá ní àtètèkọ́ṣe, ó sì lè dé 333. Mo máa ń gbé ti géèmù sí 333 fún àwọn ètò bíi DaedalusX64, tí ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ Nintendo 64, mo sì máa ń fi ti Bookr, tí a fi ń ka PDF, sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí bátìrì. Kí a má tan ara wa, 333 náà kò tó fún Nintendo 64, géèmù díẹ̀ ni ó ń lọ geere níbẹ̀.

Àwọn homebrew tí ó ti pẹ́ jù, ti ọdún 2005 àti 2006, firmware 1.50 ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí irú rẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀ lórí 6.61, ẹ má ṣe da ara yín láàmú, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Plugin

Plugin jẹ́ ètò kékeré tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe ohun mìíràn, irú bíi èyí tí ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ. Fódà seplugins ni ó ń gbé, fódà yìí kò sì sí nínú GAME, ìta pátápátá ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà PSP. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó kọ fáìlì game.txt fún plugin tí yóò ṣiṣẹ́ nínú géèmù, tàbí vsh.txt fún èyí tí yóò ṣiṣẹ́ lójú àtòjọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan rí báyìí:

ms0:/seplugins/oruko.prx 1

1 ń tan plugin, 0 ń pa á. Lórí PSP Go, bí ó bá jẹ́ inú ìrántí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni plugin wà, ef0 ni ẹ ó kọ dípò ms0. Ọ̀kan ni kí ẹ máa fi sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí plugin kan bá mú kí PSP dì gbagidi, ẹ pa á, ẹ yọ mẹ́mórì, ẹ tàn án láìsí mẹ́mórì nínú, á tan, nítorí pé orí mẹ́mórì náà ni plugin wà. Ẹ wá lọ sọ 1 di 0 lórí kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wà títí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń kánjú dé ibí yìí, èmi kò sì rò pé ó yẹ. Ìwà PRO tí ń pa rẹ́ bí ẹ̀rọ bá kú pátápátá jẹ́ ààbò: bí ohunkóhun bá dàrú, ẹ pa á, ẹ tàn án, ẹ ti wà lórí firmware Sony. Ẹ lo ọ̀nà yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ẹ síbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọ̀nà. Lórí PSP-1000 àti àwọn PSP-2000 àkọ́kọ́, PRO ní ètò kan tí ń jẹ́ CIPL Flasher tí ń ṣe é. Àwọn PSP-2000 tí pátákó inú wọn (motherboard) jẹ́ TA-088v3, PSP-3000, Go àti E1000 kò gbọdọ̀ súnmọ́ ètò náà. Fún àwọn wọ̀nyí, Infinity tí Davee kọ ni wọ́n ń lò lórí 6.61, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ìtọ́sọ́nà tí ó bá a wá ni kí ẹ tẹ̀ lé lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú bátìrì tí ó kún àti ṣájà lára, nítorí pé inú ìrántí ẹ̀rọ gan-an ni ó ń kọ̀wé sí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú àwọn nọ́ńbà yìí tún ń fara hàn bí ẹ̀rọ bá kú, tí kò ju kí iná rẹ̀ tàn kí ó sì kú padà lọ. Láti ọdún 2007 ni ọgbọ́n kan ti wà tí wọ́n ń pè ní bátìrì Pandora: bátìrì PSP ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú, bí a bá sọ ọ́ di FFFFFFFF, PSP á gbà pé òun wà lórí tábìlì àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́, á sì gbé ètò láti orí mẹ́mórì dípò inú ìrántí rẹ̀ tí ó ti bàjẹ́. PSP-1000 àti PSP-2000 àkọ́kọ́ ni èyí ń jí dìde. Kò ṣiṣẹ́ lórí TA-088v3 tàbí PSP-3000, nítorí náà ẹni tí ó ní 3000 kò ní irú àǹfààní jíjí ẹ̀rọ dìde tí ẹni tí ó ní 1000 ní. Bí ẹ bá ní méjèèjì nílé, 1000 ni kí ẹ fi kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ṣáájú kí ẹ tó kọ ohunkóhun tí yóò wà títí sínú ẹ̀rọ, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ da fódà PSP àti seplugins síbẹ̀ lódindi, kí ẹ sì ṣí fódà kan tàbí méjì nínú ẹ̀dà náà láti rí i pé EBOOT.PBP wà nínú wọn.